Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Dá Ọpọlọ Ẹ̀rọ Lẹ́bi

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tí ó jẹ́ rẹwáyà ẹ̀rọ ńláńlá, bá wa sọ níbi àjọyọ̀ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, mo rò pé wọ́n ṣìnà ni. Lọ́yà wà nínú wa, olùkọ́ wà, nọ́ọ̀sì wà. Akọ̀wé wa dá mi lóhùn pé, “Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gan-an ni kí o bá wa sọ.” Iṣẹ́ mi ni wáyà àti iná ara ẹ̀rọ ńláńlá: ẹskafétọ̀, gíréédà, péélódà, àti àwọn tí gbogbo wa ń pè ní katapílà, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin kọngílá, ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ háyà, ó kan ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò sì kàn nínú àwọn wọ̀nyí, ẹ̀rọ náà ni yóò ṣe ọ̀nà dé ẹnu ilé rẹ̀.

Àṣìṣe kan tí mo ṣe ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí mo ṣẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn yìí, òun ló sì ní kí n sọ ọ́.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, láàárín òjò, ọ̀gbà wa yìí pè mí pé ẹskafétọ̀ òun ti dùbúlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ yangí. Ó fi ẹ̀rọ náà háyà fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ni, wákàtí-wákàtí ni wọ́n sì fi ń sanwó. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́, owó kò wọlé. Bẹ́ẹ̀, owó òpìréétọ̀ àti ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru kò dúró.

Mo débẹ̀, mo ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí, ó ń dún jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n bí òpìréétọ̀ ṣe yí bọ́tìnnì ìyára tó, ohùn ẹ́ńjìnnì kò gòkè. Mo wo ojú sikiríìnì. Iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kò sí níbẹ̀. Agbára ọ́ìlì kò sí. Bí omi ṣe gbóná tó kò sí. Ìlà lásán ló wà ní ipò wọn, kóòdù bí i márùn-ún sì ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ọn. Ó rí ọpọlọ tó ń darí apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò rí ọpọlọ ẹ́ńjìnnì rárá, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì. Mo ní, “Ó ti parí. Ọpọlọ ẹ́ńjìnnì ti kú.”

Ọ̀gbà wa bi mí pé, “Ṣé ó dá ọ lójú?” Mo ní ó dá mi lójú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò tíì fi mítà wọn ohunkóhun kí n tó dáhùn bẹ́ẹ̀.

Ó lọ yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ kún un. A wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, a rí ọpọlọ tòkunbọ̀ tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, a rà á, a gbé e wálé. Mo dè é mọ́ ẹ̀rọ, mo ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí, ó ń dún jẹ́jẹ́, kò gòkè. Ìlà lásán ló ṣì wà lójú sikiríìnì. Ẹnu mi gbẹ. A pe ẹni tó tà á fún wa, ó ní ọjà tó bá ti fojú kan iná kì í padà.

Kí n tó sọ bí ó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹ̀rọ òde òní ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ lè rí ibi tí mo ti ṣìnà.

Nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, wáyà kan, iṣẹ́ kan ni. Ti iná iwájú dá wà, ti fèrè dá wà, ti gééjì ọ́ìlì dá wà. Nígbà tí iṣẹ́ inú ọkọ̀ ń pọ̀ sí i, wáyà pọ̀ dé ibi pé kò sí àyè fún un mọ́. Ilé-iṣẹ́ Bosch ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n sí i ní ọdún 1983, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí síta ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986. Orúkọ rẹ̀ ni CAN. Wáyà méjì péré ni, tí a lọ́ mọ́ra bí okùn. Wáyà kan ń jẹ́ CAN High, ìyẹn ti òkè. Èkejì ń jẹ́ CAN Low, ti ìsàlẹ̀. Gbogbo ọpọlọ inú ẹ̀rọ ló so mọ́ wáyà méjì yìí. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ SAE ṣètò èdè kan tí ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹ̀rọ ńlá ń sọ lórí rẹ̀. J1939 ni wọ́n ń pe èdè náà. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àmì 250,000 ló ń gba orí wáyà yẹn kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ wò ó bí ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Yàrá kan ni gbogbo wa jókòó sí. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀, gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń mú un lò. Bí ẹni méjì bá la ẹnu pọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kókó jù ni yóò sọ tirẹ̀ tán, èkejì yóò dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ẹ́ńjìnnì ń sọ pé, “Bí mo ṣe ń yára tó nìyí, bí ọ́ìlì mi ṣe rí nìyí.” Sikiríìnì gbọ́, ó gbé e jáde. Òpìréétọ̀ yí bọ́tìnnì ìyára, ọpọlọ kejì rí i, ó sọ fún ẹ́ńjìnnì pé, “Gòkè.” Bí ọ̀rọ̀ yẹn kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, yóò máa dún jẹ́jẹ́ níbi tó wà.

Ohun kan kù. Ní orí kìíní àti orí kejì wáyà yìí, a máa ń fi rẹsítọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i, olóòmù 120. Óòmù ni a fi ń mọ bí ohun kan ṣe ń dènà iná tó. Iṣẹ́ rẹsítọ̀ méjèèjì ni kí ọ̀rọ̀ tó bá dé òpin wáyà má ta padà, bí ohùn ṣe ń ta padà nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo. Nítorí pé ọ̀nà méjì ló wà fún iná láti gbà, ìdènà náà dín sí ìdajì. Bí o bá fi mítà kan wáyà méjèèjì, 60 ni o gbọ́dọ̀ rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi 60 yìí sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ibi yangí. Mo pe ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ìbéèrè méjì péré ló bi mí.

Ó ní, “Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún, ṣé ó ń dún?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà, ó ń dún.” Ó ní, “Ta ló ń ṣí nọ́sù dísẹ́ẹ̀lì fún un?”

Mo dákẹ́. Lára irú ẹ́ńjìnnì yẹn, ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún nọ́sù nígbà tí yóò tú dísẹ́ẹ̀lì jáde. Bí ọpọlọ bá kú lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní jí. Òkú kì í mí. Ẹ́ńjìnnì ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ kìíní pé ọpọlọ òun wà láàyè, n kò gbọ́.

Ó tún bi mí pé, “Óòmù mélòó lo rí láàárín wáyà CAN méjèèjì?” Mo ní, “N kò tíì wọ̀n ọ́n, sà.” Ó ní, “Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Sikiríìnì ní òun kò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ìwọ gbọ́ tẹnu sikiríìnì, o dá ẹ́ńjìnnì lẹ́jọ́ ikú. Ṣé o bi ọ̀nà tó wà láàárín wọn?”

Mo pa kọ́kọ́rọ́, mo yọ bátìrì, mo fi mítà kàn án láti inú ilé òpìréétọ̀. Dípò 60, 120 ni mo rí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé rẹsítọ̀ ọ̀dọ̀ wa wà, ṣùgbọ́n ti ọ̀hún, ti apá ẹ́ńjìnnì, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Wáyà ti já níbì kan láàárín. Mo tẹ̀ lé wáyà náà dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà lára ògiri tó ya ilé òpìréétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Mo tú u. Omi wà nínú rẹ̀. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti jẹ ọ̀kan nínú eyín rẹ̀, eyín náà ti sún sẹ́yìn, kò kan èkejì rẹ̀ mọ́. Mo bi òpìréétọ̀ léèrè, ó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn fi pọ́ńpù alágbára fọ ẹ̀rọ náà.

Mo pààrọ̀ eyín yẹn, mo gbẹ omi, mo dá rọ́bà ẹnu rẹ̀ padà. Mo wọ̀n ọ́n: 60. Mo yọ ọpọlọ tòkunbọ̀, mo dá ti àtijọ́ padà. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́. Sikiríìnì gbé gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ jáde, ẹ́ńjìnnì sì gòkè. Owó eyín sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán wa.

Ọ̀gbà wa kò sí níbẹ̀ nígbà yẹn. Ọkàn kan sọ fún mi pé, “Dá ọpọlọ tòkunbọ̀ padà sára ẹ̀rọ, kí o sọ fún un pé òun ló ṣiṣẹ́. Ta ni yóò mọ̀?” N kò ní parọ́ fún yín, mo rò ó. Ṣùgbọ́n a jọ jókòó nínú ẹgbẹ́ yìí ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí ilé rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ó dákẹ́ pẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó bi mí pé, “Owó ilé-ìwé ọmọ wa ńkọ́?” Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò létí mi títí di òní. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá wa dá sí i. Mo ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọdún méjì láìgba kọ́bọ̀, títí a fi parí rẹ̀. Ó dárí jì mí. Láti ọjọ́ náà, n kì í dá ọpọlọ ẹ̀rọ kankan lẹ́bi láìwọ̀n.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó wà níbí, ẹ tẹ́tí sí i dáadáa.

Ẹ̀kíní, mo máa ń bi òpìréétọ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣé wọ́n fọ ẹ̀rọ? Ṣé wẹ́dà jó irin lára rẹ̀? Ṣé wọ́n pààrọ̀ bátìrì? Ṣé ó pẹ́ tó ti wà nílẹ̀ tí eku lè wọ inú rẹ̀? Ìdajì iṣẹ́ wà lẹ́nu òpìréétọ̀.

Ẹ̀kejì, mo máa ń kọ gbogbo kóòdù sílẹ̀ kí n tó pa èyíkéyìí rẹ́. Kóòdù J1939 ní apá méjì. SPN ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kàn: 100 ni agbára ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, 110 ni gbígbóná omi, 639 sì ni ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. FMI ń sọ irú àìsàn tó ń ṣe é. FMI 3 ní iná ga ju bó ṣe yẹ, 4 ní ó lọ sílẹ̀ jù, 9 ní ọ̀rọ̀ kò dé lásìkò tó yẹ kó dé. Bí o bá rí 100 pẹ̀lú 4, sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì àti wáyà rẹ̀ ni kí o lọ bá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ kóòdù bá jáde pọ̀, tí 9 wà lára wọn tàbí tí 639 bá fara hàn, má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ọ̀nà ni kí o yẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹta, mo máa ń pa kọ́kọ́rọ́, n ó gé iná bátìrì, n ó sì wọn óòmù. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì róbótó olójú mẹ́sàn-án kan wà fún kọ̀ǹpútà; ojú C ni CAN High, ojú D ni CAN Low. Ìwé ẹ̀rọ ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún ọ, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bákan náà. Bí o bá rí 60, rẹsítọ̀ méjèèjì wà, wáyà kò já. Bí o bá rí 120, rẹsítọ̀ kan ti sọnù tàbí wáyà ti já. Bí o bá rí 40, ẹnìkan ti fi rẹsítọ̀ kẹta kún un. Bí ó bá súnmọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti kan ara wọn.

Ẹ̀kẹrin, mo máa ń dá iná padà, n ó ṣí kọ́kọ́rọ́, n ó wọn fóòtì wáyà kọ̀ọ̀kan sí ara irin ẹ̀rọ. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, bí i 2.5 ni méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, mítà máa ń fi ti òkè hàn díẹ̀ lókè 2.5, ti ìsàlẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí o bá rí òdo, wáyà ti kan irin. Bí o bá rí 24, tàbí ohun tó súnmọ́ ọn, ó ti kan iná bátìrì.

Ẹ̀karùn-ún, bí wáyà bá dára tí ọ̀rọ̀ kò sì já geere, ó lè jẹ́ ọpọlọ kan ló ń pariwo tí àwọn yòókù kò fi ráyè. Pa kọ́kọ́rọ́, yọ ọ̀kan, ṣí i padà, wò ó. Bí kò bá yí padà, dá a padà kí o yọ èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tí o yọ tí ara àwọn yòókù fi balẹ̀, òun tàbí wáyà tirẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹfà, mo máa ń gbọn wáyà bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ àìsàn kì í fara hàn àfi tí ẹ̀rọ bá ń mì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo máa ń wo iná tó wọ inú ọpọlọ àti wáyà tó so ó mọ́ ilẹ̀. Bí iná bá pé, tí ilẹ̀ dára, tí ọ̀nà mọ́, tí ọpọlọ náà kò sì dáhùn, nígbà náà ni mo tó lè sọ pé ó ti kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ẹ̀rọ, ẹ ní iṣẹ́ tiyín náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú omi pọ́ńpù sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àpótí ọpọlọ. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó irin lára ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ yọ bátìrì, kí ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ọpọlọ bí ìwé ẹ̀rọ bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi wáyà ilẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ ibi tó fẹ́ jó pẹ́kípẹ́kí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún wáyà CAN láti fi gílóòbù dán an wò. Omi yóò gba ojú ihò yẹn wọlé. Bí a bá sì fẹ́ tún un ṣe, kí a lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra bí a ṣe bá wọn, nítorí lílọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ariwo iná mìíràn da ọ̀rọ̀ wọn rú.

Bí rẹwáyà kan bá sì sọ fún yín pé ọpọlọ ẹ̀rọ yín ti kú, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í ní ohun mẹ́ta: “Óòmù mélòó lo rí? Fóòtì mélòó lo rí? Kóòdù wo lo kọ sílẹ̀?” Bí kò bá ní èsì, ẹ fi owó yín sápò. Ká ní ọ̀gbà wa bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, ọmọ rẹ̀ kì bá tí pàdánù sáà kan nílé-ìwé.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé wa. Sátidé kejì, n ó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù mi fún ọmọ iṣẹ́ èyíkéyìí tó jẹ́ ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọmọ ẹgbẹ́ yìí. N kò ní gba owó. Kí ó ṣáà mú mítà tirẹ̀ dání.

Gbólóhùn kan péré ló kù, ó sì kan ẹgbẹ́. Ní ọdún mẹ́wàá yìí, àwọn kan wà nínú wa tí a kò gbúròó wọn mọ́. A ti sọ nípa àwọn kan pé wọ́n ti gbàgbé wa, pé ọkàn wọn ti kúrò lára ẹgbẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọ̀gbà wa ń mí nígbà tí mo pè é ní òkú. Ọ̀nà ló dí. Kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni pé ó ti lọ, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú wa kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀.